Mi Ò Gbé Irọ́ Sórí Afẹ́fẹ́

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta, ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi sínú ìwé tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ń ronú ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe, ìyàwó pásítọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn òbí fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe nursing tàbí computer."

Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́ o, mi ò sọ pé mo gbà. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, kó ṣí ìwé náà síwájú, àwọn nọ́ọ̀sì pọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe, ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ pé ó wà láyé. Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò lórí highway lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá yín dúró, tí ẹ ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń pe rédíò láti jà lórí bọ́ọ̀lù yunifásítì, ẹnìkan wà lẹ́yìn gíláàsì tó kọ́kọ́ gbé fóònù wọn. Òun ló bi wọ́n ní ìbéèrè, òun ló pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tí kò ní wọlé. Èmi lẹni náà. Mo ṣe é láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú títí ó fi funfun.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bọ́ọ̀lù ibí rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàárín wọn tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Òun ló máa jù ú síwájú tàbí kó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́ kó máa sá lọ. Quarterback ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó bá wù ú ló ń ṣe. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá á ti sọ ohun tí kálukú máa ṣe: ìwọ sáré gba ibí, ìwọ dí tọ̀hún lọ́nà, ìwọ ju bọ́ọ̀lù. Pípe play nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fìdí rẹmi, ìjà méjì ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígboro Atlanta: ṣé ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ni kò mọ̀ ọ́n jù, àbí àgbà tó ń pe play ni kò mọ̀ ọ́n pè? Orí ìjà méjì yìí ni mo ti jẹun tí mo fi darúgbó, ojú ò sì tì mí.

Bí mo ṣe dénú iṣẹ́ náà kò gùn. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse ní Forest Park, mo sì bá a níbẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ fóònù ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn rí. Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ń wá ẹni tó máa gbé fóònù lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà, kò sì pọ̀ rí títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Místà Leon. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ bíbí Jonesboro. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bíi kànga. Òun ló ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, èmi ló yẹ kí n máa gbé olùpè wọlé fún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo na ọwọ́ sí fóònù, ó gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.

"Fola, má tíì gbé e. Jókòó, kí o máa gbọ́." Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́ o, èmi ni mò ń tú u fún yín.

Mo rò pé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí ni. Gbogbo sáà bọ́ọ̀lù yẹn ló fi jókòó tì mí. Bí ètò bá ti parí, á yí àga rẹ̀ sí mi: "Ta ló sọ òótọ́ lónìí? Ta ló kàn ń pariwo? Ta ló ń pariwo, àmọ́ tó sọ òótọ́?" Bí mo bá ṣì í, á ní kí n lọ tún un gbọ́ lórí téèpù.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò eré tó ti kọjá hàn mí. Èmi obìnrin Ìbàdàn tí kò mọ ọ̀tún bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí òsì! Ó ní kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo ní, "Quarterback yẹn ò dáa."

Ó dá fídíò dúró. "Ìdájọ́ nìyẹn. Mi ò bi ẹ́ ní ìdájọ́. Kí lo rí?"

"Mo rí i pé ó ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí àwọn alátakò ti yí ká."

"Kí ló dé tó fi jù ú síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ó dáa. 'Mi ò mọ̀' jẹ́ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè wá ò mọ̀ ọ́n sọ."

Nígbà tó wá jẹ́ kí n gbé fóònù, ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan mo bi olùpè kan pé, "Quarterback wo lẹ fẹ́ràn?" Pẹ́ńsùlù ọwọ́ Místà Leon lu tábìlì, gbà! "Má bi í pé ta ló fẹ́ràn! Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn ẹnìkan. Bi í pé kí ló rí. Bi í pé ojú ẹ̀ ló fi rí i, àbí wọ́n sọ fún un." Ó tún un sọ títí ó fi wọ̀ mí léegun. Mo sunkún nínú mọ́tò bí mo ṣe ń padà sí Forest Park lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, pé wọ́n ń wá èèyàn ní warehouse. Mo ní rárá. Ìyá mi ò bí ẹni tí wọ́n máa fi pẹ́ńsùlù lé lọ.

Mo fi ìgboyà bi Místà Leon lọ́jọ́ kan ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eré lásán. Ó ní quarterback lòun nígbà tóun wà nílé ẹ̀kọ́, apá òun lágbára. Nígbà tóun dé yunifásítì, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ òun, wọ́n ní kóun lọ máa sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. "Wọ́n ní orí àwa èèyàn dúdú ò lè gbé e. Kò sẹ́ni tó rí ibi tí mo ti kùnà o, Fola. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, ó sì di òótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ohun tí èèyàn rí."

Àtìgbà yẹn ni mi ò ti pè é ní eré lásán mọ́.

Nínú ìjọ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n sọ tán. Wọ́n ní obìnrin tó yẹ kó wà nílé ìwòsàn ló ń bá àwọn ọkùnrin jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Arákùnrin kan dá mi dúró níbi tí a ń gbé mọ́tò sí, ó ní, "Sister, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Mo bi í pé, "Nígbà tí ẹ ń bọ̀, kí lẹ ń gbọ́ nínú mọ́tò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ jókòó. Àwọn olùpè náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gbọ́ ohùn mi, wọ́n á ní, "Obìnrin, pe ọkùnrin kan wá fún mi." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ọ̀dọ̀ mi lẹ máa gbà kọjá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin. Kí lẹ rí?"

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo débẹ̀, fóònù wa ní iná pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, iná kan fún olùpè kan, mo sì ń fi gègé kọ orúkọ wọn sórí káàdì, mo ń gbé e sókè kí Místà Leon lè rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Abẹ fẹ́lẹ́ la fi ń gé téèpù. Ìka mi ṣì ní àpá rẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé, orúkọ olùpè ń jáde lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orí fóònù alágbèéká dé, àwọn èèyàn ń kọ èébú ránṣẹ́ dípò kí wọ́n pè.

Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí òun ló wà láàárín jàǹbá tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ló ń jáde. Ẹ̀rọ náà ń dá ọ̀rọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹni tó wà níbi bọ́tìnnì lè gé e bí ẹnìkan bá bú èèyàn. Èmi ni mo wà níbi bọ́tìnnì náà. Ṣùgbọ́n bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ náà nílò àkókò kó tó tún ọ̀rọ̀ kó jọ. Láàárín ìgbà yẹn, ohun tó bá ti ẹnu jáde ti dé ìgboro. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Nígbà tí Místà Leon fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Colby gba ipò rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, òun náà sì ni ọ̀gá gbogbo wa. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹnu rẹ̀ dùn. Ohun tó wù ú ni kí iná fóònù máa tàn. Ohun tó ń tàn án ò kàn án.

Láyé Colby ni ọmọ wa kan wọ ẹgbẹ́ yunifásítì tí rédíò wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Dámiọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ wa ní Snellville. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù àfi pé ó ń fi àmì ẹrẹ̀ sí aṣọ. Àwọn òǹwòran ń pe ọmọ náà ní Dami. Quarterback ni. Ó ń bá ọmọ kan tó dàgbà jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní Hutch, du ipò.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ìyá Dámiọ́lá fà mí lápá lẹ́yìn ìsìn. "Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi mọ̀ ọ́n gbá?"

Mo ní, "Apá ẹ̀ lágbára, bọ́ọ̀lù tó bá jù máa ń fò bí àṣá. Àmọ́ ó ń kánjú. Bó bá jẹ́ èmi ni coach, mi ò ní tíì fi í síwájú lọ́dún yìí."

Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Gbogbo ìjọ ló ń sọ fún mi pé ó máa di star. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn."

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ máa ní mo gbè sẹ́yìn ọmọ ilé mi.

Ó wá di Sátidé kan, wọ́n fi Dámiọ́lá síwájú, ẹgbẹ́ wa sì fìdí rẹmi gidi gan-an, nílé wa, lójú ara wa. Ní Mọ́ńdè, gbogbo iná fóònù tàn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Mo so àwọn oníbàárà wa méjì pọ̀: Walt, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì ní Jonesboro, àti Renée, dókítà eyín. Àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn jà lórí rédíò láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò sì rí ojú ara wọn rí.

Walt ní, "Hutch ni kí wọ́n fi síwájú! Mo gbà pé kò lè jù ú jìnnà. Àmọ́ kì í jù ú fún alátakò. Ní Sátidé, Dami ń há bọ́ọ̀lù fún wọn bí ẹni ń há súìtì."

Renée ní, "Walt, ọmọ yẹn kọ́ ni wàhálà wa. Coach ni. Ó fẹ́ jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ó tún fẹ́ máa pe play. Ṣé ẹni tó ń wa mọ́tò ló tún máa máa ka máàpù? Kó gbé e fún igbákejì ẹ̀."

"Igbákejì wo? Èyí tó ń ní kí wọ́n sáré nígbà tó yẹ kí wọ́n jù ú?"

"Ìyẹn náà sàn ju ẹni tí gbogbo ayé ti mọ ohun tó máa pè kó tó pè é!"

Mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Ìjà dáadáa nìyẹn. Àwọn méjèèjì wo eré náà, àwọn méjèèjì ń sọ ohun tí wọ́n rí.

A lọ sí ìpolówó ọjà. Mo gbé fóònù tó kù.

"Kí lorúkọ yín?"

"Orúkọ mi ò ṣe pàtàkì. Ẹ sọ fún Colby pé Dami ló tú àṣírí play wa fún àwọn tó lù wá. Ó ní ọ̀rẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

"Ṣé ojú yín ló ṣe?"

"Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ṣé o máa gbé mi wọlé àbí o ò ní gbé mi wọlé?"

"Mi ò ní gbé yín wọlé."

Colby ti rí i lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ó bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó bi mí ohun tí ẹni náà fẹ́. Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ tàn.

"Gbé e wá."

Mo ní, "Kò rí nǹkan kan. Kò sì lè dárúkọ ẹni tó rí i."

"Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Òun náà ò sì mọ̀ pé òótọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fola, èèyàn ẹ ni ọmọ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ jọ ń lọ. Mo mọ̀."

"Bó bá jẹ́ Hutch ni wọ́n dárúkọ, ìbéèrè kan náà ni mo máa bi olùpè náà."

Ìpolówó parí, Colby sì na ọwọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé olùpè náà wọlé láti orí tábìlì tirẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe dárúkọ Dámiọ́lá, mo tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ náà gé. Colby wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó wò mí dáadáa, ó wá sọ wẹ́rẹ́ sínú máìkì pé, "Ọ̀gá, a ò gbọ́ yín dáadáa. Ẹ tún un sọ."

Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ò tíì tún ọ̀rọ̀ kó jọ. Ọkùnrin náà tún un sọ. Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn bí ẹni ń tẹ erùpẹ̀, kò gé nǹkan kan.

Kí oòrùn tó wọ̀, irọ́ ọ̀hún ti dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n ju ẹyin àti ìdọ̀tí lu ilé ìyá Dámiọ́lá ní Snellville. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀dàlẹ̀ sára ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀. Níbi iṣẹ́ òru rẹ̀, aláìsàn kan ní kí wọ́n gba òun lọ́wọ́ ìyá ọ̀dàlẹ̀, kó má fọwọ́ kan òun. Ọmọ náà ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kò jẹun, kò gbé fóònù.

Ìyá rẹ̀ pè mí ní ìdájí. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, rédíò yín ni wọ́n ti sọ ọ́."

Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n wá. Ó ní rárá, òun ń nu ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Colby ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní kó sọ lórí afẹ́fẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí kankan. Ó ní, "Àwa kọ́ la sọ ọ́, olùpè ló sọ ọ́. Tó bá jẹ́ irọ́, kí ọmọ náà pè, kó sọ tẹnu ẹ̀. Ṣé o mọ iye iná tó máa tàn?" Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo jáde níbẹ̀.

Èmi ni mo máa ń fi orin bẹ̀rẹ̀ ètò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, jàǹbá mọ́tò wà lórí highway, Colby sì há síbẹ̀. Ó pè pé kí n fi ìpolówó dí àyè títí òun á fi dé. Mi ò fi ìpolówó dí nǹkan kan. Mo rìn kọjá gíláàsì yẹn, mo jókòó sórí àga Místà Leon. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò jókòó síbẹ̀ rí. Mo fa máìkì súnmọ́ra.

Mo ní, "Orúkọ mi ni Fọlákẹ́. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù yín. Lánàá, ọkùnrin kan pè, ó ní Dami tú àṣírí ẹgbẹ́ wa. Mo bi í pé ṣé ó rí i, ó ní rárá. Mo bi í pé ta ló rí i, kò lè dárúkọ ẹnìkan. Mo kọ̀ láti gbé e wọlé. Wọ́n gbé e wọlé lójú mi. Ìjọ kan náà lèmi àti ìyá ọmọ yẹn ń lọ, kí ẹ má bàa ní mo fi í pamọ́ fún yín. Mo sì sọ fún ìyá ẹ̀ lójú ara ẹ̀ pé ọmọ ẹ̀ ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi síwájú. Ẹ bínú sí bó ṣe ju bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Èmi náà ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀, kó sọ ohun tó rí. Ẹni tí kò rí nǹkan kan, kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Mo ti ṣe tán láti gbé fóònù."

Gbogbo iná tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ bú mi, ó ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo ní, "Ẹ ṣé. Kí lẹ rí?" Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnì kejì ni Walt. Ó ní, "Miss Fola, mi ò fẹ́ kí Dami gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé. Àmọ́ mi ò rí nǹkan kan." Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn míì ń pè, wọ́n ń sọ pé àwọn náà ò rí nǹkan kan. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí afẹ́fẹ́, títí Colby fi já ilẹ̀kùn wọlé.

Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní iṣẹ́ mi ti parí. Ẹ̀ṣọ́ sìn mí dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Kò sí ohun tí mo jí. Mo gbé orí mi sókè títí mo fi dé ìdí mọ́tò.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Yunifásítì wádìí, wọn ò rí nǹkan kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn tó lù wá fúnra rẹ̀ sọ pé kò sẹ́ni tó tú àṣírí fáwọn: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń dí àwọn alátakò lọ́nà fún quarterback wa ló máa ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò. Ohun tó fọ́ ti fọ́ ná. Dámiọ́lá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Kò sí iléeṣẹ́ rédíò tó fẹ́ gbà mí. Wọ́n ní mo ya aláìgbọràn. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ya aláìgbọràn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wa mọ́tò lọ sí Jonesboro, mo lu ilẹ̀kùn Místà Leon. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tasha, ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní mo fẹ́ bá bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tiwa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní, "Kí ló mú ẹ pẹ́ tó báyìí?" Orí tábìlì ìjẹun wọn la ti bẹ̀rẹ̀, máìkì kan, kọ̀ǹpútà kan, Tasha ń tún wáyà ṣe. Àwọn olùpè wá wa rí. Walt àti Renée bá ìjà wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Místà Leon kú, ìjọ wọn kún débi pé àwọn kan dúró síta. Mo sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mi ò sunkún. Bí mo bá sunkún, á fi pẹ́ńsùlù lu nǹkan níbi tó wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní sọ fún yín pé òtítọ́ máa ń lérè. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí n tó dé. Ohun tí mo lè sọ ni pé iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ibì kan á wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbi bọ́tìnnì. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ wò ó lójú.

Lọ́dún tí mo pinnu láti sinmi, iléeṣẹ́ rédíò tó lé mi rántí pé èmi àti àwọn ti jọ rìn jìnnà. Àwọn mìíràn ló ti rà á, Colby ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan pè mí, ohùn rẹ̀ dáa. Ó ní wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì-ẹ̀yẹ lójú èrò, kìkì kí n má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lé mi. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún Dami àti ìyá ẹ̀ pé ẹ má bínú?" Ó ní òun ò mọ̀ nípa ìyẹn. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àmì-ẹ̀yẹ náà wà lọ́dọ̀ yín. Ilé mi ò tóbi."

Ní ọjọ́ tí mo ṣe ètò ìkẹyìn, ìyá Dámiọ́lá wá bá mi jókòó ní Jonesboro. Ọmọ rẹ̀ ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì kékeré kan ní Georgia níbí. Òun ni igbákejì ọ̀gá, òun ló sì ń pe play fún wọn. Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n fìdí rẹmi. Iná kan tàn. Mo gbé e.

"Ta nìyẹn?" ìyá Dámiọ́lá ní.

"Walt ni. Ó ní kí wọ́n gba pípe play lọ́wọ́ Dami. Ó ní ó ń ní kí wọ́n sáré jù." Mo rọra fi kún un pé, "Ó sì ń ní kí wọ́n sáré jù, lóòótọ́."

Ó gbé ìwé ìròyìn tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Ẹ gbé e wọlé. Ẹ fún mi ní máìkì yẹn."

Mo gbé Walt wọlé.

Ó ní, "Walt, ìyá Dami ló ń sọ̀rọ̀. Quarterback tí wọ́n fún ọmọ mi, apá ẹ̀ ń dùn ún. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa ju bọ́ọ̀lù títí apá náà á fi yọ ni?"

Walt ní, "Mà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ apá kọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà tí wọ́n ti ń gba àmì, ó ń rán ẹnìkan náà gba àárín."

"Nítorí pé àárín ló ṣí! Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti dí! Walt, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Mo yọ headphone mi, mo gbé e fún Tasha, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi. Wọ́n ṣì ń jà nígbà tí mo jáde kúrò nínú ilé náà.